Àdúrà Tí Bọ̀ọ̀dá Délé Kò Parí

Kì í ṣe àkùkọ ló máa ń jí wa nínú ilé Awo Dede ní Kokomlemle, nílùú Àkrà. Ìró ọwọ́ Bàbá lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni. Télọ̀ ni Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá wa méjèèjì ló sì gbé ẹ̀rọ náà sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á jáde síta, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó orí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, pó, pó, pó. Kò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìkẹta tí kò tíì dìde, omi tútù ló máa kàn án lójú. Lẹ́yìn ìró ọwọ́ Bàbá la tó máa ń gbọ́ àwọn ìró yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan: ìgbálẹ̀ lórí yanrìn àgbàlá, korobá tó ń kan etí kànga, ìpè àwọn Mùsùlùmí láti ọ̀nà Mamobi, àti igi orógùn Awo Dede nínú ìkòkò kẹ́ńkè rẹ̀. Awo Dede ni onílé wa. Awo ni àwọn Gá ń pe ìyá, ó sì jẹ́ ìyá fún gbogbo ayálégbé, yálà wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò fẹ́. Òórùn àgbàdo kíkan tó ń ti ìkòkò rẹ̀ jáde ni òórùn òwúrọ̀ fún mi títí di òní. Nígbà mìíràn tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń se kẹ́ńkè lójú títì, èmi arúgbó yìí á kàn dúró, ọwọ́ mi á sì fẹ́ máa wá ibi tí Bíbélì wà.

Orí ẹní kan ṣoṣo nínú yàrá iwájú la máa ń jókòó sí. Bí a ṣe dàgbà sí la ṣe ń tò. Bàbá á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, Màmá á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àkọ́bí, lẹ́yìn náà èmi, Gbénró, lẹ́yìn náà Àdùkẹ́, àbúrò wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Bíbélì Yorùbá kan la ní, èèpo rẹ̀ ti ṣí, Bàbá sì ti fi aṣọ kakí tó ṣẹ́kù lára ṣòkòtò oníbàárà rán èèpo mìíràn fún un. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan la máa ń kà, a ó sì ti ìwé náà sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Màmá kò kàwé. Tó bá kan ẹsẹ tirẹ̀, Bàbá á ka díẹ̀, Màmá á dijú, á sì tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì dùn ju ti gbogbo àwa tí a mọ̀wé lọ. Àdùkẹ́ á fi ìka ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú bí ẹni tó ń ti ewúrẹ́ wọlé. Bí a bá kàwé tán, a ó kọrin, a ó sì gbàdúrà, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ. Bàbá á ní, "Ṣé o jí? Ó dáa, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Ohun tó mú ìsìn ilé wa yàtọ̀ sí ti àwọn Aláta yòókù ní àdúgbò (Aláta ni àwọn ará Àkrà ń pe àwa Yorùbá) ni òfin kan tí Bàbá kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o bá jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀, Bàbá kò ní nà ọ́ lórí rẹ̀. Bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé mo fọ́ gíláàsì àtùpà lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé sì gbà pé ológbò Awo Dede ni. Nígbà tó di òwúrọ̀, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n mí. Mo dijú pinpin, mo ní, "Olúwa, dárí jì mí, èmi ni mo fọ́ gíláàsì yẹn, kì í ṣe ológbò." Mo ń retí ẹgba. Nígbà tó yá, Bàbá ṣe "Àmín," ohùn rẹ̀ kàn wúwo díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá bi í léèrè bóyá kò ní bá mi wí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti gbé fún Ọlọ́run lójú mi, ṣé kí n wá fi pàṣán gbà á padà lọ́wọ́ Rẹ̀ ni?" Màmá ní, "Ológbò sì ti jẹ ìyà ọ̀fẹ́." Láti ọjọ́ náà, àdúrà òwúrọ̀ di ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ Bàbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kò lè kò ó lójú sọ. Àdùkẹ́ tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di òwò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, "Olúwa, dárí jì mí nítorí ẹran tí mo máa jẹ nínú ìkòkò lọ́sàn-án." Bàbá fẹ́ ṣe ojú le, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń mì.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Bọ̀ọ̀dá Délé ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Ohun tí Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ nìyẹn. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Èmi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé, ọmọ mi ló máa wọ̀ ọ́." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá, tó ń ta abọ́ tánganran, rán mi pé kí n gbé abọ́ ńlá kan lọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Mamobi. Mo gba ẹ̀yìn ibi tí àwọn fítà ti ń tún ọkọ̀ ṣe kọjá, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ẹnu súfèé orin ìsìn wa lábẹ́ lọ́rì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó rí owó he. N kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí nígbà tó bá jókòó ti ìwé. Ó fà mí sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní òun kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé sáà yẹn. Ó ní òun máa sọ fún Bàbá fúnra òun. "Gbénró, gbọ́ mi dáadáa. O kò gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn kankan. Tí o bá sọ, èmi àti ẹ ti parí." Mo búra. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin sábẹ́ ahọ́n.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ènìyàn líle ni Bàbá. Ohun kan ṣoṣo ló le koko mọ́ ọn lọ́wọ́: Yorùbá la gbọ́dọ̀ fi ṣe ìsìn inú ilé. Lóde, a lè sọ Gá, a lè sọ Twi, a lè fi Hausa ra kóòsé, àkàrà wọn, lọ́wọ́ àwọn ará Mamobi, kò kàn án. Àmọ́ lórí ẹní yẹn, Yorùbá ni. Ó nídìí. Ní ọdún tó ṣáájú, ó mú Bọ̀ọ̀dá Délé lọ kí màmá rẹ̀ ní ilé, lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Ìyá arúgbó náà ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó ki í títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ń retí ohun tí ọmọ máa fi dá a lóhùn. Bọ̀ọ̀dá Délé na ọwọ́ sí i kó bọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ará Gánà ti dé o!" Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà dé Àkrà, ó ní, "Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kúrò lórí ẹní àdúrà, kò sí ibòmíràn tó kù fún un láti jókòó." Mo lóye rẹ̀ nísinsìnyí ju bí mo ṣe lóye rẹ̀ nígbà náà lọ. Àwọn ọmọ ọmọ tèmi ń gbọ́ mi, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí mo ti búra. A ti kàwé, a ti kọrin. Bàbá pe Bọ̀ọ̀dá Délé pé kó gbàdúrà. Mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀, mo sì mọ̀ pé òní ló máa sọ ọ́. Ó la ẹnu, ó ní, "Ataa Nyọńmọ." Bàbá Ọlọ́run ni àwọn Gá ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ń bá a lọ ní Gá, ó rọra ń sọ ọ́, ó ní kí Ọlọ́run wo ọkàn òun, pé nǹkan kan wà tí òun ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́.

"Dákẹ́," ni Bàbá wí.

Gbogbo wa lajú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí ẹni tó dá àdúrà dúró lẹ́nu ẹlòmíràn rí.

"Yorùbá la fi ń gbàdúrà nínú ilé yìí."

"Bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò wá sí mi lẹ́nu ní Yorùbá."

"Ṣé Ọlọ́run tìrẹ yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kí o pa á mọ́."

Bọ̀ọ̀dá Délé kó ẹsẹ̀ jọ lórí ẹní. Ó ní, "Mo ti pa á mọ́ náà, sà." Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá àti Màmá, ó sì jáde. A rò pé ẹ̀yìnkùlé ló lọ. Títí a fi mu kókó, ògì àwọn ará Àkrà, tán ní òwúrọ̀ náà, kò padà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá rí i pé aṣọ rẹ̀ méjì kò sí lórí okùn mọ́.

Awo Dede ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ìkòkò rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló máa ń bá wa ṣe àmín láti ìta. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ Gá tiẹ̀ jálẹ̀. Ó wá dúró níwájú ẹ̀rọ Bàbá, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Télọ̀, ọmọ ń bá Bàbá ńlá sọ̀rọ̀, ìwọ bàbá kékeré dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe nílùú yín nìyẹn?"

Bàbá kò gbé ojú sókè. "Awo, ọ̀rọ̀ ilé mi ni."

"Ilé ta?" ni onílé bi í, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Mo rò pé ìsìn máa dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pó, pó, pó. A jókòó bí a ṣe máa ń jókòó, àlàfo ẹnì kan wà láàárín èmi àti Màmá. Bàbá ka ẹsẹ tirẹ̀, Màmá sọ tirẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n gba ìwé. Bàbá kò fi sílẹ̀.

"Ẹsẹ Délé nìyẹn," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró dè é."

A sì dákẹ́. A dákẹ́ tó bí ìgbà tí ènìyàn máa ka ẹsẹ kan tán láìkánjú. A ń gbọ́ tí iná ń jẹ epo nínú àtùpà. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ti ìwé sí mi, tó ní kí n ka èyí tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtàn tí a ń kà nígbà náà ní ihò káàkiri. Ẹnì kan á gbéra ìrìn àjò, a kò ní mọ ẹni tó rán an. Ẹnì kan á bínú, a kò ní mọ ohun tí wọ́n sọ sí i. Àdùkẹ́ bi mí lọ́jọ́ kan bóyá Bọ̀ọ̀dá Délé ló kó àwọn ẹsẹ náà lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo lọ sí yunifásítì, mo ka ìwé ńláńlá lórí ẹ̀sìn, mo gbọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n lè fi ọjọ́ kan ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn fi ń gbàdúrà. N kò bá ọkùnrin tó ń dákẹ́ de ẹsẹ ọmọ rẹ̀ pàdé nínú ìwé kankan. Èrò mi nígbà náà ni pé ó ń fi ìyà jẹ wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń di àyè ọmọ rẹ̀ mú ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó sí i. Àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ wá a.

Màmá ló ń wá a. Ó wá a dé ibùdókọ̀ Circle, ó bi àwọn alárù ní ọjà Kantamanto, ó bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé wọn kò rí i láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kò sọ èyí fún Bàbá. Lálaalẹ́, á bu oúnjẹ Bọ̀ọ̀dá Délé sínú abọ́, á fi abọ́ mìíràn dé e. Tó bá di òwúrọ̀, á fún Àdùkẹ́ jẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá Bàbá sọ kò ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá Délé, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún tiyín dà?" Bàbá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó tì í, kò wọlé. Ó tún tì í, kò wọlé. Èmi náà jókòó níbẹ̀, ẹyin ṣì wà lábẹ́ ahọ́n mi. Mo ti búra fún ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá sì sọ, kì í ṣe ibi tó wà nìkan ni Bàbá máa mọ̀, ó máa mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kúkúrú láràárọ̀: "Olúwa, o ṣeun, àmín." Bàbá á wò mí, á sì pe Àdùkẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan yí padà. A ti dákẹ́ de ẹsẹ Bọ̀ọ̀dá Délé, a ti kàwé tán, a ti kọrin. Bàbá ní kí Màmá gbàdúrà. Màmá dìde dúró. Obìnrin tí kì í ṣe ju ìkúnlẹ̀ lọ dìde dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ké "Ataa Nyọńmọ!" Gá ọjà ni Gá Màmá, Gá "rà á, kò wọ́n." Ọ̀rọ̀ tó fi ń ta abọ́ náà ló fi ń bẹ Ọlọ́run. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́run, jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí ọmọ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, jẹ́ kó fún un lóúnjẹ kó tó sùn. Mo ti rìn, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Èyí tí mo fẹ́ gbà nìyí, má dín in kù fún mi." Láti ìta, Awo Dede ṣe "Àmín" tó mi ògiri. Mo la ojú kan wo Bàbá. Ó dijú. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ "dákẹ́," ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Màmá ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ já, ó tún un so, ó parí rẹ̀. Ó jókòó. Bàbá ní, "Àmín." Ó wá ní, "Gbénró."

Ó kàn mí. Mo dijú títí mo fi ń rí ìràwọ̀. Gbogbo ara mi ń sọ pé "Olúwa, o ṣeun, àmín." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, mo rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ gan-an: n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn kankan.

Mo ní, "Olúwa, mo mọ ibi tí Bọ̀ọ̀dá Délé wà."

Mo gbọ́ tí Màmá mí sínú.

"Ní Mamobi ni, lẹ́yìn ibi tí àwọn fítà wà. Ara rẹ̀ le. Ó ní kí n má sọ fún ènìyàn kankan. N kò sì sọ fún ènìyàn kankan o, Olúwa, ìwọ ni mò ń sọ fún. Ohun tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún ọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Nítorí Jésù."

Àdùkẹ́ nìkan ló ṣe àmín. Bàbá na ọwọ́, ó gbé e lé mi lórí, mo ká ara mi jọ, mo rò pé ó fẹ́ gbá mi ni. Kò gbá mi. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀, ó wúwo. Ó ní, "Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó fi sí. Kó wá parí rẹ̀." Ó fi kún un pé, "Èdè tó bá wù ú ni kó fi parí rẹ̀."

Mo sáré. Bọ̀ọ̀dá Délé wà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó ń fi epo bẹntiróòlù fọ ọwọ́. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń tẹ̀lé mi.

"Ta lo sọ fún?"

"Ọlọ́run."

"Gbénró!"

"Àwọn yòókù kàn wà níbẹ̀ ni."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ iṣẹ́ Bàbá fún un, bí wọ́n ṣe rán mi, láìfi nǹkan kan kún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó bi mí bóyá Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ "èdè tó bá wù ú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sórí táyà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ tipẹ́. Ó ní, "Tó bá gbọ́ ohun tó kù nínú àdúrà yẹn, á sọ pé ká má parí ẹ̀." Mo sọ fún un pé a kì í ka ẹsẹ tirẹ̀, pé a máa ń dákẹ́ dè é ni, láràárọ̀, títí kan òní. Nígbà tí mo ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì jókòó sórí táyà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìró ọwọ́ Bàbá dún, a jáde sórí ẹní, Bọ̀ọ̀dá Délé sì wà níbẹ̀. Ó ti jókòó sí àyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Màmá kò pariwo. Ó kàn jókòó tì í, ó fi èjìká kan èjìká rẹ̀, kò sì gbé e kúrò mọ́. A kàwé. Nígbà tó kan Bọ̀ọ̀dá Délé, ó ka ẹsẹ rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Èmi náà gba ìwé, mo ka tèmi. A kọrin. Bàbá ní, "Délé, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o dé."

Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó pa òun mọ́, ó tọrọ àforíjì fún omijé màmá rẹ̀. Awo Dede ń ṣe àmín lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà, ó yí sí Yorùbá.

"Olúwa, bàbá mi ò gbọ́ gbogbo Gá tán, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Mi ò lọ sílé ìwé láti ìgbà tí a ti wọlé. Mo ń kọ́ iṣẹ́ fítà. Mo gbìyànjú ìwé, kò wọ̀ mí. Tí mo bá ṣí ẹ́ńjìnnì, mo máa ń rí ibi tí nǹkan wà. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti sọ fún gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n. Ràn mí lọ́wọ́. Ràn wọ́n lọ́wọ́ náà. Àmín."

Kò sí ẹni tó bá a ṣe é. Gbogbo wa ń dúró de Bàbá, títí kan Awo Dede níta, nítorí igi orógùn rẹ̀ ti dákẹ́. Mo wo ojú Bàbá, mo sì rí ohun tí n kò tíì rí lójú àgbàlagbà rí: mo rí i tó ń fi nǹkan sílẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́, iná àtùpà ti ń funfun. Òfin tirẹ̀ ni, òun ló ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè bá a fọ́ ọ. Mo ti darúgbó ju bí Bàbá ṣe wà lọ́jọ́ yẹn lọ, mo ti jókòó lórí ẹní bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí dé egungun láti ẹnu wọn nígbà tí ojú wọn wà ní dídì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí ìsìn àárọ̀ kúrò nínú ilé mi, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé mo ti le jù, tí wọ́n sì ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àmín tí ènìyàn ṣe lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn, ẹnikẹ́ni lè ṣe é.

"Àmín," ni Bàbá wí. Ó tún un wí, ó wá le sí i: "Àmín."

Ó dìde. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó. "Délé, bọ́jú rẹ. Mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ."

"Sà?"

"Ọmọ tí kò ní baba ló ń fúnra rẹ̀ wọṣẹ́. Ṣé wọ́n ní o kò ní baba ni?"

Èmi àti Àdùkẹ́ sáré tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá ló ṣáájú, Bọ̀ọ̀dá Délé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì kìíní. Nígbà tí wọ́n dé ibi gọ́tà, Bàbá dúró dè é, wọ́n sì jọ rékọjá. Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbá kókó ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Délé! Oúnjẹ ń tutù o!"

Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. "Bò ó," ló wí, "a ń padà bọ̀ wá jẹ ẹ́."